Wákàtí mélòó kan ní Kútọnu: ṣé ká dé etí òkun Fidjrossè, àbí ká jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹ́pọ́ọ̀tì?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́jọ ń bọ̀ láti Abidjan. A máa balẹ̀ sí Kútọnu kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, bàálù tó máa gbé wa lọ Paris sì di alẹ́ kó tó gbéra. Wọ́n ní etí òkun kan wà lẹ́yìn ẹ́pọ́ọ̀tì, pé kò sí èrò níbẹ̀, pé ẹsẹ̀ lásán lèèyàn lè fi rìn débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká má dán an wò, pé òkun Kútọnu ń gbé èèyàn lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irọ́ ni, pé òun lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣe òun. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ẹrù wa ńkọ́?

*

Ẹ lọ. Ẹ má sì wọ omi. Bí ẹ ò bá ráyè ka ìyókù, ìyẹn náà ti tó.

Fún ẹni tó ráyè: Kútọnu ni mò ń gbé, ẹ̀yà ara fóònù ni mò ń tà, ilé mi ò sì jìnnà sí Fidjrossè. Ẹ́pọ́ọ̀tì ìlú yìí, èyí tí wọ́n fi sọrí Kádínà Bernardin Gantin, àárín ìlú ló wà, ní Cadjehoun. Kò rí bíi ti Èkó, tí èèyàn á balẹ̀ sí Ìkẹjà, tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ á sì jẹ ọjọ́ ẹ̀ run kó tó fojú kan òkun. Níbí, ẹ ó kọrí síhà ìwọ̀-oòrùn, ẹ ó gba àárín ilé àwọn ará Fidjrossè kọjá, ẹ ó rí i tí títì ń di iyanrìn. Ẹ ti dé nìyẹn. Bí ọ̀nà bá ṣí, kì í pẹ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ pé ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ni mi ò fara mọ́. Lórí máàpù, ó máa ń jọ pé ẹ́pọ́ọ̀tì àti òkun fara kanra. Lóòótọ́, wọn ò jìnnà síra, àmọ́ ọgbà ẹ́pọ́ọ̀tì ló wà láàárín, ẹ ò lè gba ojú ọ̀nà bàálù kọjá, ẹ gbọ́dọ̀ yí i po. Kí ẹni tó mú ọmọ dání, tó tún gbé báàgì, máa yí i po nínú oòrùn ọ̀sán? Ẹ wọ takisí.

*

Ọ̀rọ̀ omi ló ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó fèsì níbí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa.

Ọ̀rẹ́ yín tó ní òun lúwẹ̀ẹ́ lè má purọ́. Ojoojúmọ́ làwọn kan ń wọ̀ ọ́ tí wọ́n sì ń jáde. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín sọ náà kì í ṣe àhesọ. Òkun yìí ń gbé èèyàn, àwọn ọ̀dọ́ tó wá ṣe fàájì lọ́jọ́ Sunday àti lọ́jọ́ ọdún ló sì sábà máa ń gbé. Mímọ̀wẹ̀ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó kọ́ ìwẹ̀ nínú odò abúlé ẹ̀, tàbí nínú omi òtẹ́ẹ̀lì tó dúró sójú kan, máa ń rò pé bákan náà ni òkun yìí náà máa rí.

Ọ̀nà jíjìn ni ìgbì tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ti ń bọ̀, láti gúúsù òkun Atlantic lọ́hùn-ún, kò sì sí erékùṣù kankan tó dínà mọ́ ọn. Etí òkun wa náà tún dagẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ lẹ máa gbé kí omi tó jìn mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Nítorí náà ìgbì kì í fọ́ lókèèrè kó wá rọra rá wọlé. Iwájú yín gan-an ló ń já lulẹ̀ sí, gbì! Omi tó ti gun orí iyanrìn á wá sáré padà wálẹ̀, á sì máa kó ohun tó bá bá lọ. Ẹ lọ dúró níbi tí omi ti mu yín dé ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹ má ṣe nǹkan kan. Ẹ ó rí i pé iyanrìn abẹ́ gìgísẹ̀ yín ń ṣí lọ, ẹsẹ̀ yín ń rì, ara yín sì ń fì síwájú láìjẹ́ pé ẹ rìn. Bó ṣe ń ṣe àgbàlagbà nìyẹn. Ní ti ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ, orúnkún ni omi yẹn máa bá a, á gbé e ṣubú, ìgbì kejì á sì dé kó tó dìde.

Ìyẹn tiẹ̀ tún kéré. Ẹ ó rí ibì kan tí ìgbì kì í ti fọ́, tí ojú omi tẹ́jú, tó rọlẹ̀. Àlejò á ní, "Ibi tó dáa rèé." Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo omi tó wọlé ń gbà jáde padà sí agbami. Bó bá gbé yín, ẹ má dojú kọ etí òkun kí ẹ máa bá a wọ̀jà, agbára yín á tán kí ẹ tó sún mọ́ ilẹ̀. Ẹ léfòó, ẹ jẹ́ kó gbé yín díẹ̀, kí ẹ wá wẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú etí òkun, títí ẹ ó fi bọ́ kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó kọjú sí ilé. Ẹ má retí ẹni tó máa sáré wọ omi wá yọ yín. Àwọn apẹja ló máa ń yọ èèyàn níbí, wọn kì í sì í fìgbà gbogbo wà nítòsí.

Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹsàn-án ni ìgbì máa ń le jù. Láàárín Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, inú ẹ̀ máa ń rọ̀ díẹ̀. Mo ní díẹ̀ o.

*

Ẹnì kan fèsì pé: "Àwọn ọmọ apẹja tí ò tó ọmọ ọdún mẹ́wàá ń bẹ́ sínú omi yìí bí ẹja. Kí ló dé tí ọmọ tiwa ò lè wọ̀ ọ́? Ẹ̀rù lẹ fi ń ba àwọn èèyàn."

Àbúrò, inú ìgbì yẹn ni wọ́n bí àwọn ọmọ náà sí. Ẹ wò wọ́n dáadáa lọ́jọ́ míì, wọn kì í kàn bẹ́. Wọ́n á dúró, wọ́n á jẹ́ kí ìgbì ńlá kọjá, wọ́n á ka àwọn tó ń tẹ̀ lé e, wọ́n á wá gba abẹ́ ọ̀kan wọlé. Bí wọ́n bá fẹ́ jáde, wọ́n á jẹ́ kí ìgbì gbé wọn sórí iyanrìn, wọ́n á sì sáré gòkè kí omi tó fà wọ́n padà. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, àwọn ọmọ yẹn mọ ìgbà tó ń hó. Ọmọ tó ti Abidjan wọ bàálù láàárọ̀ ò mọ̀ ọ́n, bàbá ẹ̀ náà ò sì mọ̀ ọ́n.

Bí ọmọ bá fẹ́ fọwọ́ kan omi, kó jókòó sórí iyanrìn níbi tí ìfófòó omi ti ń kú, kí àgbàlagbà kan jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, níhà òkun, kì í ṣe lókè. Iyanrìn tó wà níbẹ̀ tó ọmọdé í ṣeré. Akàn kéékèèké náà wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń sáré wọ ihò bí wọ́n bá gbúròó ẹsẹ̀. Wákàtí méjì á kọjá, ọmọ ò ní rántí pé òun fẹ́ wẹ̀.

*

Ẹnì kan ní ìtàn ni pé ibẹ̀ dákẹ́, pé lọ́jọ́ tí òun débẹ̀ ariwo ẹ̀rọ orin ò jẹ́ kóun gbọ́ ohùn ara òun. Ó sọ òótọ́. Ọjọ́ wo lẹ lọ, ẹ̀gbọ́n? Sunday ni, ẹ ò wulẹ̀ ní láti sọ fún mi.

Lọ́jọ́ Sunday, láti nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, gbogbo Kútọnu ló ń tú síbẹ̀. Ẹbí ń bọ̀ tòun ti kúlà, ọ̀dọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù, ilé ọtí kọ̀ọ̀kan ń kọ orin tiẹ̀ bo ti ìkejì mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn ọjọ́ náà, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ ẹni tó ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bó bá jẹ́ Tuesday tàbí Wednesday lẹ dé, láàárọ̀ tàbí lọ́sàn-án, ẹ lè wo apá ọ̀tún, ẹ wo apá òsì, kẹ́ ẹ má rí ju ẹni tó ń sáré ìdárayá àti ìyá tó ń ta àgbọn lọ.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà tún ń pọ̀ sí i bí ẹ bá ṣe ń lọ síhà ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches, láti Fidjrossè ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń bá etí òkun lọ títí dé Ouidah. Iyanrìn pọ́ńbélé ni tẹ́lẹ̀, mọ́tò á rì sínú ẹ̀, èèyàn á bọ́ọ́lẹ̀ tì í. Wọ́n ti da ọ̀dà sí apá ti Kútọnu báyìí. Àwọn kan níbí ń yin ìjọba lórí ẹ̀, àwọn kan ń bú u. Èmi ń gba ọ̀nà náà, mo sì ń gbádùn ẹ̀. Àmọ́ mo rántí ahéré àti ilé ọtí tí wọ́n wó lulẹ̀ létí omi, mo sì mọ̀ pé wọ́n lé àwọn apẹja kúrò ní àdúgbò Fiyégnon tó wà létí òkun níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ibẹ̀ ti mọ́ tónítóní báyìí, kó bi ara ẹ̀ léèrè ẹni tí wọ́n gbá kúrò kó tó mọ́.

Bí ẹ bá dé ní nǹkan bí 10 Oṣù Kìíní, ẹ mọ̀ pé ọdún Fódù ni. Ìgbà yẹn, gbogbo ọ̀nà tó lọ Ouidah ló ń kún.

*

"Bàálù ńkọ́? Ṣé ariwo wọn ò ní jẹ́ ká gbádùn? Mo tún gbọ́ pé bàálù kan já sétí òkun yẹn, pé ibẹ̀ ò dáa."

Ariwo? Ẹ́pọ́ọ̀tì kékeré ni tiwa. Bàálù kan á kọjá, gbogbo yín á gbójú sókè, ọmọ á juwọ́ sí i, ó parí. Àwọn bàálù ńlá ti Yúróòpù, alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gbéra. Mo mọ àwọn tó ń lọ jókòó síbẹ̀ torí kí wọ́n lè wo bàálù ni. Ẹ kàn má gbé fóònù tàbí kámẹ́rà kọjú sí ọgbà ẹ́pọ́ọ̀tì. Bí sójà bá rí yín, àlàyé á gùn, bàálù yín ò sì ní dúró dè yín.

Èyí tó já, òótọ́ ni. 25 Oṣù Kejìlá, ọdún 2003, ọjọ́ Kérésìmesì gan-an, Boeing 727 iléeṣẹ́ bàálù UTA ti Guinea tó ń bọ̀ láti Conakry yà sí Kútọnu, ó sì fẹ́ gbéra lọ Beirut. Èèyàn 163 ló wà nínú ẹ̀. Kò lè gòkè bó ṣe yẹ. Ó kọlu ilé kékeré kan tó wà lẹ́yìn òpin ojú ọ̀nà bàálù, ó sì já sétí òkun. Èèyàn 141 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Lẹ́bánónì tó ń lọ sílé ọdún. Àwọn apẹja àtàwọn tó wá ṣe ọdún létí omi ló kọ́kọ́ wọlé lọ yọ àwọn tó ṣẹ́ kù.

Àwọn kan ń sọ ìtàn iwin sí i. Ìwádìí ò sọ ti iwin. Ẹrù ló pọ̀ jù. Wọ́n kó o sínú bàálù bákan ṣáá, iwájú wá wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn tó ń wà á ò sì mọ bí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe tó. Ojú ọ̀nà bàálù Cadjehoun ò gùn púpọ̀, 2,400 mítà ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ tipẹ́tipẹ́ pé àwọn máa kọ́ ẹ́pọ́ọ̀tì tuntun sí Glo-Djigbé, lẹ́yìn ìlú. Iléeṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n wá kọ́ sí Glo-Djigbé, ẹ́pọ́ọ̀tì ṣì wà níbi tó wà. Etí òkun ò ṣẹ ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí.

*

Ará Èkó kan ti dé, ó ní kí ni mo ń pariwo etí òkun Kútọnu fún nígbà tí Èkó ní Elégùṣì àti Tarkwa Bay. Èmi náà ọmọ Èkó ni, ẹ má fìyẹn halẹ̀ mọ́ mi. Ní Elégùṣì, owó géètì lẹ máa kọ́kọ́ san, ẹ ó tún san owó àga. Ní Fidjrossè, kò sí géètì. Iyanrìn gbogbo ayé ni, ẹ kàn máa rìn wọlé.

Mo gbà fún un lórí Tarkwa Bay. Bí ó bá jẹ́ wíwẹ̀ lẹ ń wá, ibẹ̀ dáa ju tiwa lọ fíìfíì. Òkúta tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tò sí ẹnu òkun Èkó láàárín 1908 sí 1912, kí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè wọlé, ló dáàbò bo ibẹ̀. Ìgbì ò ráàyè wọlé, omi rọlẹ̀. Ohun tí òkúta yẹn fún Tarkwa Bay náà ló gbà lọ́wọ́ Bar Beach. Ṣé ẹ rí i, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni ìgbì ń ti iyanrìn rìn ní gbogbo etí òkun wa, láti Tógò títí dé Èkó. Bí òkúta bá dá a dúró, iyanrìn á kó jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn ẹ̀. Apá ìlà-oòrùn tí kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Bí òkun ṣe ń jẹ Victoria Island nìyẹn, títí wọ́n fi wá da iyanrìn sí i tí wọ́n ń kọ́ Eko Atlantic.

Nǹkan kan náà ló ṣẹlẹ̀ níbí nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté Kútọnu láwọn ọdún 1960. Ìwọ̀-oòrùn èbúté ni Fidjrossè wà, ìdí nìyẹn tí iyanrìn fi pọ̀ níbẹ̀. Akpakpa tó wà ní ìlà-oòrùn ni òkun jẹ títí, ó jẹ títì, ó jẹ ilé, kí wọ́n tó wá fi òkúta dí i. Ẹ bi àwọn àgbà Akpakpa, wọ́n á na ìka sójú omi, wọ́n á ní, "Ilé bàbá mi wà lọ́hùn-ún."

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìbéèrè o, mo ti rìn jìnnà.

*

Ẹrù àti ìwé. Bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lẹ rà láti Abidjan dé Paris, ẹ bi wọ́n ní Abidjan bóyá ẹrù yín máa lọ tààrà. Bó bá ń lọ, báàgì ọwọ́ nìkan ló kù sí yín lọ́rùn. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ méjì, ẹ ó gba ẹrù yín ní Kútọnu, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbé àpótí wá sórí iyanrìn. Ẹ yá yàrá òtẹ́ẹ̀lì fún ọ̀sán nítòsí Cadjehoun, ẹ kó ẹrù síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì lè wẹ iyọ̀ òkun kúrò lára kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Ẹni tó bá ti jókòó láti alẹ́ mọ́jú pẹ̀lú iyanrìn nínú ṣòkòtò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ìwé ìrìnnà yín bá jẹ́ ti Nàìjíríà tàbí ti orílẹ̀-èdè ECOWAS míì, ẹ ò nílò físà láti wọlé. Ẹ mú káàdì yẹ́lò dání, ìyẹn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú.

Nǹkan méjì tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ níbí, mo sì rò pé àwọn ló ṣe pàtàkì jù. Àkọ́kọ́, owó sẹ́fà tẹ́ ẹ̀ ń ná ní Abidjan náà là ń ná níbí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ṣẹ́ owó. Ẹ kàn kó owó kéékèèké dání, torí àwọn tó ń tajà létí òkun kì í ní ṣéńjì. Èkejì ni aago. Aago Kútọnu fi wákàtí kan ṣáájú ti Abidjan. Bí ẹ bá ń wo aago ọwọ́ tí ẹ ò tíì sún, ẹ ó rò pé àkókò ṣì kù, ẹ ó sì dé ẹ́pọ́ọ̀tì nígbà tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn. Kí ẹ tó jáde ní ẹ́pọ́ọ̀tì ni kí ẹ sún un.

*

"Takisí wọ́n. Ẹ gun zém."

Fún ẹnì kan, mo fara mọ́ ọn. Zém ni ọ̀kadà wa, ẹ̀wù yẹ́lò ni àwọn tó ń gùn ún máa ń wọ̀, owó wọn ò tó nǹkan. Ẹ dá iye lé e kẹ́ ẹ tó gùn, kì í ṣe bẹ́ ẹ bá sọ̀. Èyí tó bá wà lẹ́nu géètì ẹ́pọ́ọ̀tì á pe owó àlejò. Ẹ rìn jáde sí títì, iye á já wálẹ̀. Bí ẹ bá ní Gozem, áàpù tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀, lórí fóònù, ó ń ṣiṣẹ́ níbí, iye ti wà lójú ẹ̀, kò sí ìdúnàádúrà.

Àmọ́ tọkọtaya àti ọmọ lórí zém méjì, tí báàgì wà níwájú? Ẹ fojú inú wò ó kẹ́ ẹ tó gba ẹlòmíì nímọ̀ràn.

*

Oúnjẹ. Ẹnì kan ṣàròyé pé wọ́n gba owó gọbọi lọ́wọ́ òun lórí ẹja sísun kan. Ó ti jẹ ẹja tán kó tó béèrè iye ẹ̀, ẹ̀bi ta ni? Ìgbà tí ẹja bá ṣì tutù ni kí ẹ ná an. Ẹ ní kí wọ́n ṣí kúlà, ẹ na ìka sí èyí tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ sọ iye, kí ẹ tó jókòó. Bí ìyá náà bá gbọ́ Yorùbá, iye á tún rọ̀ díẹ̀ sí i, a sì pọ̀ níbí tá a gbọ́ ọ. Ẹ pàṣẹ oúnjẹ bẹ́ ẹ ṣe ń dé, torí wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ ko iná ni. Wọ́n á bù ú fún yín pẹ̀lú ata gígún, àlùbọ́sà àti tòmátì tútù, ẹ lè fi ẹ̀kọ tàbí dòdò jẹ ẹ́.

Ọ̀nà míì wà láti rí ẹja, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá rìn síhà ìwọ̀-oòrùn, ẹ lè bá àwọn tó ń fa àwọ̀n. Ọkọ̀ kan á ti gbé àwọ̀n lọ sójú agbami, á tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, á sì mú okùn kejì padà wá sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Èèyàn á pín sí ìlà méjì, tọkùnrin tobìnrin, tàgbà tèwe. Wọ́n á ti gìgísẹ̀ bọ iyanrìn, wọ́n á fẹ̀yìn tì, ẹnì kan á dá orin, ìyókù á gbè é, okùn á máa yọ ní ìka mélòó kan mélòó kan. Ẹni tó bá dé ìdí okùn á jù ú sílẹ̀, á sáré lọ síwájú, á tún dì í mú lẹ́bàá omi. Ó máa ń pẹ́ gan-an. Nígbà tí àpò àwọ̀n bá wá gúnlẹ̀, àwọn ìyá tó ti jókòó de abọ́ wọn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, owó níná á bẹ̀rẹ̀ kí ẹja tó ta pútúpútú tán: ṣáwá lọ́pọ̀lọpọ̀, akàn, kútà kan bí orí bá fẹ́, àti láílọ́ọ̀nù omi mímu tó pọ̀ dé ibi tó ń bani nínú jẹ́.

Ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Bẹ́ ẹ bá bá wọn dì í mú, inú wọn á dùn, wọ́n á sì fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ yín á bó díẹ̀.

*

Ará Àgbádárìgì kan bi mí pé òun ò wọ bàálù, ṣé òun lè ti Ṣẹ́mẹ̀ wá lóòjọ́ kóun padà. Ó ṣeé ṣe fún ẹni tó ń gbé Àgbádárìgì, torí ẹ ti sún mọ́ bọ́dà ná. Ẹni tó bá ń ti Ìkẹjà bọ̀, kó má tan ara ẹ̀. Láti Èkó dé Kútọnu ò ju nǹkan bí 120 kìlómítà lọ, àmọ́ ibi ìdádúró tó wà lójú ọ̀nà ló ń jẹ ọjọ́. Kó sùn mọ́jú. Àwọn tó ń ṣòwò lójú ọ̀nà yìí ò sì tíì gbàgbé Oṣù Kẹjọ ọdún 2019, tí Nàìjíríà ti bọ́dà pa tí kò ṣí i títí di Oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹ máa gbọ́ ìròyìn kẹ́ ẹ tó gbéra.

Grand-Popo tí ẹlòmíì dárúkọ rẹwà ju Fidjrossè lọ, mi ò jà sí i. Ó sún mọ́ bọ́dà Tógò. Ẹni tó ní bàálù alẹ́ ò ní nǹkan í ṣe níbẹ̀.

*

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní ìyàwó òun ní bí ọmọ ò bá ní wẹ̀, òun ò rí ìdí tí wọ́n fi ń lọ. Ẹ bá mi kí wọn, ìyàwó yín ò jẹ̀bi. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kútọnu máa ń gba àlejò tí ò sùn sọ́dọ̀ wọn láyè láti lo omi ìwẹ̀ wọn, bó bá ti sanwó. Ẹ ṣe é báyìí: ẹ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tó ní omi, ẹ yá yàrá ọ̀sán níbẹ̀, kí ọmọ wẹ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ẹ wá sí Fidjrossè, ẹ pàṣẹ ẹja, ẹ jókòó.

Àwọn kan ti ń jà níbí lórí bóyá oòrùn máa ń wọ̀ sínú òkun ní Kútọnu. Òótọ́ wà lẹ́nu ẹ̀yin méjèèjì. Gúúsù ni òkun wa kọjú sí. Ní Oṣù Kejìlá, ẹ ó rí oòrùn tó ń wọ̀ lójú omi lápá ọ̀tún. Ní Oṣù Kẹfà, ẹ̀yìn igi àgbọn ló ń wọ̀ sí.

Bó bá ti wọ̀ báyìí, ẹ dìde. Kì í ṣe ibi tí àlejò máa ń dá jókòó sí nínú òkùnkùn, àwọn tó ń já fóònù gbà mọ ibẹ̀ ju yín lọ. Ẹ padà sí òtẹ́ẹ̀lì, ẹ wẹ̀, ẹ gbọn iyanrìn inú bàtà dànù, kẹ́ ẹ sì ti wà ní ẹ́pọ́ọ̀tì nígbà tó bá ku wákàtí mẹ́ta kí bàálù gbéra, ní aago Kútọnu o. Bí wọ́n bá wá yí àkókò bàálù yín padà sí àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ kọ̀wé síbí, màá sọ ibi tẹ́ ẹ ti lè rí àkàrà gbígbóná jẹ fún yín.